Kí Ọ̀dọ́ Tó Ta Àwòrán Tí Ẹ̀rọ Yà

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ta àwòrán tí ẹ̀rọ AI yà, kó kọ́kọ́ mọ ọjà tó ń gbà á. Getty Images, ọjà àwòrán orí ayélujára, ti tìlẹ̀kùn mọ́ irú rẹ̀ láti ọdún 2022. Adobe Stock ń gbà á ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n olùtajà gbọ́dọ̀ fi àmì sí i pé ẹ̀rọ ló yà á, kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ ayàwòrán kankan pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Kó tún ka ìka ọwọ́ ẹni inú àwòrán dáadáa kó tó fi ránṣẹ́. Ìka mẹ́fà ṣì lè wà níbẹ̀!

Ẹ̀tọ́ oníǹkan (copyright) ló le jù. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kì í forúkọ ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ẹ̀rọ nìkan ṣe. Bí ẹlòmíì bá wá jí irú rẹ̀ lò, ẹjọ́ wo ni olùtajà fẹ́ pè?