Òdòdó Yín Rọ ni àbí Ó Rẹ̀?

Ẹni tó bá sọ pé òun gbin fúláwà sí ẹ̀yìnkùlé ti ṣi ọ̀rọ̀ lò. Fúláwà ni ìyẹ̀fun tí a fi ń ṣe búrẹ́dì. Òdòdó ni à ń gbìn. Àṣìlò yìí kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀, bí kò bá kó òmíràn sẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń fi hóró gbin òdòdó nílé báyìí, kí wọ́n lè máa gé e sínú ìgò lórí tábìlì, tàbí kí wọ́n dì í fún ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ròyìn ọgbà wọn, ọ̀rọ̀ méjì péré ló kù lẹ́nu wọn: ó ti "jáde", ó ti "kú". Àwọn ìyá wa tó ń gbin ẹ̀fọ́ kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ipò tí ewéko lè wà, àwọn ọ̀rọ̀ náà gan-an ló sì yẹ olùgbin òdòdó.

Ẹ wo ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Celosia argentea. Àwa ń jẹ ewé rẹ̀. Lókè òkun, òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ń gé tà. Oríṣi rẹ̀ kan wà tó pupa fòò, tó ká kò bí ogbe àkùkọ. Hóró rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì kéré débi pé a lè pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù sójú kan. A kì í sọ pé a gbin irú hóró bẹ́ẹ̀, a fún un ni. Ibẹ̀ ni a ti rí "afúnrúgbìn". Òdòdó tí wọ́n ń pè ní síníà (zinnia) ni à ń gbìn: a ó gbẹ́ ihò kékeré, a ó fi hóró kan tàbí méjì sí i, níbi tí yóò dàgbà sí gan-an, torí kò fẹ́ràn kí á ṣí i nípò. Bí ilẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín ọjọ́ 4 sí 7 ni yóò hù.

Irúgbìn ni í hù. Kùkùté ni í rú. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀, nítorí èrè olùgbin òdòdó wà nínú ìyàtọ̀ náà. Bí síníà bá ti ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ gé e lórí, lókè ibi tí ewé méjì ti kojú síra. Yóò rú, yóò sì pẹ̀ka, igi kan á sì fún yín ní òdòdó púpọ̀. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí kì í fa ṣọkọ tu mọ èyí dáadáa: wọ́n á gé e, á rú, wọ́n á tún gé e.

Lẹ́yìn ewé, ó kan kí ó rudi. Ìgbà tí ìrudi bá là ni a tó lè sọ pé ó tanná. "Tan iná" ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun ló sì bí ìtànná. Tannápowó, tí àwọn mìíràn ń pè ní tannápòṣó, jẹ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa: gbogbo ọ̀sán ni í pa dé, ìrọ̀lẹ́ ni í tó là, lásìkò tí a máa ń tan fìtílà gan-an, òórùn dídùn rẹ̀ á sì gba àgbàlá. Ó rọrùn láti fi hóró gbìn, àmọ́ kò yẹ fún inú ìgò, torí bí oòrùn bá ti mú ni yóò tún pa dé.

A kì í gé síníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rudi. Kò ní là mọ́ nínú omi. Ẹ jẹ́ kó tanná tán. Ẹ di igi rẹ̀ mú nísàlẹ̀ òdòdó, kí ẹ mì ín díẹ̀. Bí ọrùn rẹ̀ bá ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ, kò tíì tó. Bó bá dúró gan-an, ó tó gé. Gé ni mo wí. Ewé là ń já, ọsàn là ń ká, àgbàdo là ń ya. Òdòdó tí a bá fọwọ́ já, igi rẹ̀ á fọ́, kò sì ní rí omi fà dáadáa. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ lò, láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ "kú" yẹn wá ńkọ́? Òdòdó tí òùngbẹ ń gbẹ rọ ni: ewé rẹ̀ á sọ̀, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀. Bí ẹ bá tún ìdí rẹ̀ gé, tí ẹ sì fi sínú omi, ó lè jí padà. Èyí tó bá rẹ̀ ti parí: àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á sì máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Olóko ata kì í sọ pé òdòdó ata òun ń kú. Ó ń rẹ̀ dànù ni. Ṣọkọ tilẹ̀ lè gbẹ láìrẹ̀. Wọ́n máa ń so ó kọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí yóò gbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ṣá fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ohun tí ìyàwó ń mú lọ́wọ́, àwọn kan ń pè é ní ìdì òdòdó. N kò ní wọ́n ṣì í, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a bá wé tàbí tí a dè ni ìdì, àti aṣọ àti igi. Òṣùṣù òdòdó ni èmi fara mọ́, torí bí a ti ń ṣe òṣùṣù ọwọ̀ náà ni à ń ṣe é: a so ó ní ìdí, orí rẹ̀ sì tàn ká.

Ó ku àmì ohùn. Òdòdó ni à ń gbìn. Òdodo ni ìwà títọ́. Ẹ̀yin tó ń kọ ọ́ sára páálí irúgbìn àti pátákó ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i.