Ìwé tí a kọ nínú túbú

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn Boethius, amòye ará Róòmù, yẹ̀ wò. Ní nǹkan bí ọdún 524, ọba Theodoric sọ ọ́ sínú túbú; níbẹ̀ ni ó ti kọ ìwé ìtùnú rẹ̀ kí a tó pa á. Ọwọ́ ni a kọ́kọ́ fi ń dà á kọ; Anton Koberger tẹ̀ ẹ́ ní Nuremberg, ilẹ̀ Jámánì, ní 1473. Ní 1491 sí 1492, a tẹ àkójọ àwọn ìwé rẹ̀ ní Venice.

Nítòsí wa pẹ̀lú, ní Òṣoògùn, a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Ṣùgbọ́n ní 1843, ní London ni a ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n lè de ẹsẹ̀ ènìyàn, kò lè de ìwé rẹ̀. Ikán ni kí a bẹ̀rù: ẹni tí ó ní ìwé àfọwọ́kọ àwọn àgbà nílé, kí ó tètè dà á kọ.