Iná Inú Ilé ní Ìlú Ńlá

Kò sí ilé tí ènìyàn ń gbé tí a kì í dáná. Bí ọbẹ̀ yóò bá jinná, bí omi yóò bá gbóná, bí ọmọ yóò bá ka ìwé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, iná ni yóò ṣe é. Ní abúlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ṣẹ́ igi lóko láìná kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn, kò sí oko lẹ́yìn ilé. Owó ni a fi ń ra iná. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ti rí fún ará ìlú, kí ó wo ibi ìdáná rẹ̀.

Àwọn mìíràn rò pé bí ọ̀làjú ti ń pọ̀ sí i, ṣe ni ènìyàn ń fi igi sílẹ̀ bọ́ sí èédú, tí ó ń ti èédú bọ́ sí kẹrosíìnì, tí ó sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sí gáàsì àti iná mànàmáná, bí ẹni tí ń gun àkàbà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé kan náà ni sílíńdà gáàsì wà ní igun kan, tí sítóòfù kẹrosíìnì wà lábẹ́ tábìlì, tí àdògán èédú sì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Gáàsì ni ìyàwó ilé fi ń se oúnjẹ àárọ̀ kí àwọn ọmọ má baà pẹ́ dé ilé-ìwé. Èédú ni ó fi ń se ẹ̀wà tí ń pẹ́ lórí iná. Bí gáàsì bá tán kí owó oṣù tó wọlé, ó di ọwọ́ kẹrosíìnì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí kì í ṣe àìmọ̀kan. Ọgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn iná wọ̀nyí lè já òun kulẹ̀ ni.

Iná mànàmáná kì í ṣe àlejò ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1896 ni a kọ́kọ́ pèsè rẹ̀ ní Èkó. Ní 1968, ìsédò Kainji lórí odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná. Ní 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní àdúgbò púpọ̀, iná a wá, a sì lọ láìdágbére. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ amúnáwá fi ń dún lọ́tùn-ún lósì bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Nígbà tí ìjọba sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo náà ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìyà yìí kò jẹ gbogbo ènìyàn bákan náà. Olówó a rọ gáàsì kún sílíńdà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ń fi owó òòjọ́ jẹun a ra kẹrosíìnì ìgò kan tàbí èédú inú ọ̀rá kan, yóò sì tún padà lọ rà á lọ́la. Alátùntà tí ó tú ọjà sí wẹ́wẹ́ a fi èrè tirẹ̀ lé ìdì kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni iná náà kò tún ṣe iṣẹ́ kan náà. Nínú ìdá mẹ́wàá ooru igi tí a fi dáná lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, ìdá kan sí méjì péré ni ó ń wọ inú ìkòkò; ti gáàsì a máa tó ìdá márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí ni aláìní ṣe ń ra ooru ní ọ̀wọ́n, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Èédú pàápàá ní ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú èyí tí a ń tà ní Ìbàdàn àti Èkó ń ti Òkè-Ògùn wá. Kílò èédú kan lè gba kílò igi márùn-ún sí mẹ́wàá, igi emi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí sì wà lára àwọn igi tí a ń gé. Ohun tí a fi se oúnjẹ ọjọ́ kan lè jẹ́ igi tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dàgbà.

Èyí tí ó burú jù ni ti ẹ̀mí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn bí mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé; àwọn obìnrin àti ọmọdé tí ń wà nídìí iná ni ó sì ń fa èéfín náà jù. Ẹ̀rọ amúnáwá àti èédú a tún máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí inú yàrá kí ó tó sùn lè má jí mọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nítorí náà, kí a gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí ilé, kí a dáná níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí a rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, kí a sì dé ìkòkò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwàásù nìkan ni yóò lé èédú kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó ilé mọ iná tí ó dára. Ọjọ́ tí iná mànàmáná bá dúró, tí owó gáàsì sì wọ́ pọ́ọ́kú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé àdògán rẹ̀ sọnù.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí ilé kan fi ń lo oríṣìí iná mẹ́ta tàbí mẹ́rin pa pọ̀?
2. Ṣe àlàyé bí aláìní ṣe ń ra ooru ní ọ̀wọ́n ju olówó lọ.
3. Kọ àròkọ lórí iná tí wọ́n ń lò ní ilé yín, àǹfààní àti ewu rẹ̀.