Brọ́ọ̀sì ìfárùngbọ̀n onírun ẹlẹ́dẹ̀: bí a ṣe ń mú un rọ̀, àti ìdí tí a kì í fi í yá ara wa

  Ẹni tí rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bá wa gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí àwọn bàbá tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ òní, ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ ìlera náà sì ni. Ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan ló rán ìbéèrè wá. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàrin àwọn ra brọ́ọ̀sì tí a fi ń pa ọṣẹ sí àgbọ̀n ká tó fá irùngbọ̀n. Ó lò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ó ń gún òun lójú bí ẹ̀gún, ó sì ń rùn bí ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ó fẹ́ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún un. Ìyẹn ní òun ò gbà á. Wọ́n wá ní ká bá àwọn dá sí i: ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọmọ yìí, àbí òun ni kò mọ̀ ọ́n lò?

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ayédèrú. Bí irun ẹlẹ́dẹ̀ gidi ṣe máa ń rí nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ọmọ náà má ì tí ì jà. Kó gbọ́ tèmi ná.

Brọ́ọ̀sì yìí, àwọn Faransé ń pè é ní blaireau. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ yẹn o. Blaireau jẹ́ orúkọ ẹranko kan tó ń gbẹ́ ihò nínú igbó ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Irun ẹranko yẹn ni wọ́n máa ń fi ṣe brọ́ọ̀sì olówó ńlá, ni orúkọ ẹranko bá di orúkọ brọ́ọ̀sì. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá sọ fún yín pé “blaireau gidi ni”, kò tí ì sọ irun tó wà níbẹ̀ fún yín. Ẹ wo ara páálí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ soies de porc tàbí sanglier síbẹ̀, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ synthétique, ike ni. Bí kò bá sí páálí ńkọ́? Ẹ tọrọ irun kan ṣoṣo lára rẹ̀, kí ẹ fi iná sí i. Irun ẹranko á rùn bí ìgbà tí iná bá jó orí èèyàn, á sì di eérú. Ike á yọ́, á di kókó dúdú kékeré kan. Oníṣòwò tó mọ ọjà rẹ̀ kò ní bínú sí irun kan.

Irun gígan tó wà ní ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ilẹ̀ China ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ ibi tí òtútù ti ń mú máa ń hu irun tó gùn tó sì nípọn ju ti ẹlẹ́dẹ̀ tiwa lọ. Ítálì àti Pọ́túgà wà lára àwọn tó ń fi í ṣe brọ́ọ̀sì. Irun yìí le ju ti àwọn brọ́ọ̀sì yòókù lọ, òun náà ló sì dínwó jù nínú àwọn tí wọ́n fi irun ẹranko ṣe. Ohun tó wá yà á sọ́tọ̀ nìyí: ó máa ń mu omi. Bó bá mu omi, á rọ̀. Bí ẹ bá sì lò ó pẹ́, ẹnu irun kọ̀ọ̀kan á là sí méjì, sí mẹ́ta, á wá di múlọ́múlọ́.

Ẹ ronú sí pákò tí à ń run láàárọ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, igi ni. Ta ló máa fi igi gbígbẹ ha eyín? Ẹ ó kọ́kọ́ rún ẹnu rẹ̀, ẹ ó fi itọ́ rin ín, títí á fi là, kó tó di ohun tó ń fọ eyín. Bí ọ̀rọ̀ brọ́ọ̀sì yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọmọ tó kọ ìwé sí wa, pákò tí kò tí ì rún ló fi ha ojú.

Báwo la ṣe ń mú un rọ̀? Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rin irun náà wọnú. Òórùn ẹlẹ́dẹ̀ á jáde, ẹ má fòyà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ pa á, kí ẹ máa yí i nínú àtẹ́lẹwọ́ títí ọṣẹ á fi hó funfun, bíi ìgbà tí ẹ̀ ń fá irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dé ojú. Ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lára di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, ẹ ṣàn án, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kó gbẹ tán pátápátá. Gbígbẹ yẹn ṣe pàtàkì bí omi ti ṣe pàtàkì. Rírin àti gbígbẹ, rírin àti gbígbẹ, òun ló ń la ẹnu irun. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, òórùn á ti lọ. Ẹ lè wá máa fi í fárùngbọ̀n. Kò ní tí ì rọ̀ tán o. Ó lè gbà tó ìgbà 10, ó lè gbà tó ìgbà 30 tí ẹ bá lò ó, kó tó rọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Irun díẹ̀ á máa já ní ìbẹ̀rẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ń já wọ̀wọ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀n-ẹ́n, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ba ọ̀kan jẹ́ rí. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní kí n tó máa dúró fún oṣù kan, ẹ jẹ́ kí n se é. Mo gbé omi kaná, ó hó, mo ri brọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ tọrùntọrùn. Òórùn lọ lóòótọ́. Àmọ́ omi híhó ti yọ́ àtè tí wọ́n fi lẹ ìdí irun mọ́ ìdìmú. Nígbà tí mo fi kan àgbọ̀n, gbogbo irun náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó lẹ̀ mọ́ mi lójú pẹ̀lú ọṣẹ. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Omi tí ọwọ́ yín lè gbà, ìyẹn náà ló tó brọ́ọ̀sì.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ fárùngbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ fi brọ́ọ̀sì sínú ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Kó tó rọ̀, ẹ fi omi yẹn kan náà bọ́jú, nítorí irùngbọ̀n náà ń mu omi, bó bá sì mu omi, kì í bá abẹ jà. Ẹ gbọn omi inú brọ́ọ̀sì dànù, kí ẹ fi yí ojú ọṣẹ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ló dára jù. Ọṣẹ ìwẹ̀ tí kì í ta ojú náà á ṣe é. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Òmíràn máa ń ta, nítorí eérú inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lápá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi brọ́ọ̀sì yí àgbọ̀n po, ẹ máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, títí ọṣẹ á fi nípọn bí ògì tó dì. Bó bá ń yọ ìfófó ńláńlá bí ọṣẹ ìfọṣọ, omi ti pọ̀ jù.

Ẹ má tẹ brọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Pàápàá ẹ̀yin tí kókó máa ń yọ lọ́rùn lẹ́yìn ìfárùngbọ̀n, ẹ gbọ́ o. Irùngbọ̀n tiwa máa ń ká kóro. Bí a bá fá a kanlẹ̀ jù, ẹnu irun á yí padà wọnú awọ, ibẹ̀ ni kókó ti ń wá. Ọṣẹ tó hó dáadáa á gbé irun dìde, ìyẹn dára. Àmọ́ brọ́ọ̀sì tí kò tí ì rọ̀, tí ẹ bá fi gbo orí kókó, á bó o, egbò á dé. Ẹ fi í sílẹ̀ kó jinná ná. Bí ẹ bá sì ń fá a, ibi tí irun kọjú sí ni kí abẹ náà kọjú sí, ẹ má fà á sókè, ẹ má sì fá ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé ẹ fẹ́ kó dán.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́, ẹ fún un ní jẹ́jẹ́, ẹ má fà á. Ẹ gbé e síta kó gbẹ, kì í ṣe inú ilé ìwẹ̀ tó ti pa. Ní àsìkò òjò, ó lè má gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹ má dé e mọ́ inú ike nígbà tó ṣì tutù, nítorí á bu.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le. Ẹgbẹ́ náà kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé wọn, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, pé nítorí brọ́ọ̀sì náà ń gún ọmọ yìí lójú, ó ti fún oǹgbàjámọ̀ àdúgbò, ìyẹn sì ń fi í pa ọṣẹ fún gbogbo ẹni tó bá wá fárùngbọ̀n. Ẹ̀yin ará, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Abẹ ni olórí ewu, gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n. Abẹ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a fi ojú wa rí i bó ṣe ń tú u nínú bébà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣọ́ abẹ kò ṣọ́ brọ́ọ̀sì. Abẹ á gé wa díẹ̀, bóyá a ò tilẹ̀ mọ̀. Oǹgbàjámọ̀ á tún pa ọṣẹ sí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á wọ àárín irun brọ́ọ̀sì. Ẹlòmíràn á jókòó, òun náà á ní ojú ibi tí abẹ ti gé e. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hépatite B ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ràn. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè lára nǹkan gbígbẹ fún ó kéré tán ọjọ́ 7. Ẹni tó ní in lè má mọ̀ pé òun ní in, nítorí ara rẹ̀ lè dá ṣáṣá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, làpálàpá àti eéwo ojú náà ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹnì kan á sọ pé, “Ká fi omi Javel fọ̀ ọ́.” Rárá o. Javel máa ń jẹ irun. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, irun náà á jó tán. Alikóólù ńkọ́? Ìdí irun ṣù pọ̀ jù, kò ṣe é fọkàn tán pé ó dé ibẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fọ irun yìí mọ́ láàrin oníbàárà kan sí èkejì. Brọ́ọ̀sì ẹnì kan ni, ẹnì kan náà ni. Bàbá kì í yá ọmọ, ẹ̀gbọ́n kì í yá àbúrò. Oǹgbàjámọ̀ lè fi ọwọ́ tó ti fọ̀ mọ́ pa ọṣẹ, tàbí kí oníbàárà gbé tirẹ̀ wá. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ lè sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́ pé, “Bàbá, mo gbé tèmi wá, ẹ bá mi lò ó.”

Àwọn kan á tún bi wá bóyá a lè fi irun ẹlẹ́dẹ̀ tí a pa nílé ṣe é. Ẹ má dán an wò. Nígbà ogun 1914 sí 1918, wọ́n ṣe brọ́ọ̀sì láti inú irun ẹṣin tí wọn ò fọ̀ tó, wọ́n tà á fún àwọn ọmọ ogun òyìnbó. Àrùn ẹran ọ̀sìn tí Faransé ń pè ní charbon wà nínú irun náà. Ó mú àwọn kan lójú níbi tí abẹ ti gé wọn, àwọn míì sì kú. Láti ìgbà náà ni àwọn ìjọba ti ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun yìí kó tó dé ọjà.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ń gbọ́ wa, ọ̀pọ̀ yín kò ní fẹ́ irun ẹlẹ́dẹ̀ lójú yín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ̀ ń rà. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ synthétique sí lára; òun kì í gún ojú, kò nílò ọ̀sẹ̀ kan, ó sì tètè ń gbẹ. Ẹ̀yin oníṣòwò ní ọjà Ouando àti ní ọjà Kétu, bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀.

Ní ti ọmọ wa tó bi wá ní ìbéèrè: èyí tó ti wà lọ́wọ́ oǹgbàjámọ̀, kó má fi kan ojú mọ́, kó jù ú nù. Bó bá ra òmíràn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ bí a ṣe sọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, kí ẹ tó tú ká lálẹ́ yìí, ẹ bi ara yín léèrè: nínú ilé yín, èèyàn mélòó ló ń lo brọ́ọ̀sì kan? Oǹgbàjámọ̀ yín ńkọ́, mélòó ló ní? Ẹ kọ ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàárọ̀ o.