Omi Kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù
Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 23:13-17

Ní ìsinmi tó kọjá, mo tún ṣí géèmù Call of Duty àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé wa. Ọdún 2003 ni wọ́n gbé e jáde, ogun àgbáyé kejì ló dá lé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ máa ń gbá a ní kékeré: bí wọ́n bá kú, ó kàn mí. Lónìí, sójà ni wọ́n, Maiduguri ni wọ́n wà.

Mo dé ibi Stalingrad. Ọkọ̀ ojú omi gbé àwa ọmọ ogun Sófíẹ́tì sọdá odò Volga, bàálù àwọn Jámánì ń rọ̀jò ọta lé wa lórí. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ọta nìkan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọn kò fún mi ní ìbọn. Ẹni tó bá sá padà, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò yìnbọn pa á. Mo kú lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo tẹ bọ́tìnì, mo sì jí.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ mi kọ̀. Ogun Stalingrad ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, láti 1942 di oṣù kejì 1943. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló kú síbẹ̀, kò sì sí bọ́tìnì tó jí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo wá rántí pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo Dáfídì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ọkàn rẹ̀ fà sí omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, níbi tí àwọn Filísínì tẹ̀dó sí. Akọni mẹ́ta la àárín ọ̀tá kọjá, wọ́n pọn ọ́n wá. Dáfídì kò mu ún. Ó tú u sílẹ̀ fún Olúwa, torí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀mí wọn wewu ló rí nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́:

1. Jagunjagun ni Dáfídì, síbẹ̀ ogun kò sọ ẹ̀mí ènìyàn di yẹpẹrẹ lójú rẹ̀.

2. Ohun tó dé ọwọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ló san owó rẹ̀. Ìsinmi tí mo fi ń gbá géèmù wà lára rẹ̀.

3. Ìmoore kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Dáfídì tú omi náà sílẹ̀ pẹ̀lú òùngbẹ lọ́fun.

Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni géèmù o. Àmọ́ mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè pé, “Àbúrò, ṣé kò sí?”

Fún àṣàrò: Ta ló ń fi ẹ̀mí wewu nítorí rẹ, tí o kò tíì gbàdúrà fún lọ́sẹ̀ yìí? Gbàdúrà fún un, kí o sì pè é.