Àbúrò Mi, Fẹ̀sọ̀ Gun Òkè

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ bá àwọn ará ìjọ fẹsẹ̀ rìn láti Bantè, gba Savalou, dé ọ̀dọ̀ Ìyá wa Màríà ní Arigbo, ní Dassa, Ìdáàṣà tiwa. Inú mi dùn gan-an. Láti 1954 ni àwọn Kátólíìkì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀, oṣù kẹjọ sì ni èrò máa ń pọ̀ jù.

Láti Bantè dé Savalou, gígùn ọ̀nà ló máa kọ́kọ́ bá ẹ jà. Láti Savalou lọ sí Dassa, bí 30 kìlómítà, òkè àpáta ló kù. Àwọn èèyàn ń pe Dassa ní ìlú olókè 41. Ọjọ́ òkè yìí ni mo fẹ́ bá ẹ sọ: ìtọ́jú ara ló ń gbé obìnrin gùn ún.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí a kì í sọ níwájú ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í mumi lójú ọ̀nà, torí a ò mọ ibi tí a máa tọ̀ sí. Tí oòrùn bá mú, tí òyì ń kọ́ni, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ wa ló kéré. Omi ló kéré! Ró ìró lé ṣòkòtò rẹ. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹ́, yà sínú oko kajú, kí arábìnrin kan na ìró tiẹ̀ bò ẹ́. Ó parí. Máa mumi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó dé. Fún ìgbà tí o bá làágùn púpọ̀, po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ omi mímọ́ lítà kan.

Fi òrí pa itan àti àárín ìka ẹsẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n má bàa họ. Gé èékánná. Má wọ bàtà tuntun lọ. Di páàdì mọ́ ẹrù, kódà tí nǹkan oṣù rẹ ò tíì tó. Ẹlòmíì lè wá a.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni ọdún iṣu tuntun ní Savalou, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà. Tí o bá bá iṣu níbẹ̀, jẹ ẹ́ dáadáa lálẹ́. Láàárọ̀, má fi iyán kún ikùn gun òkè. Gàrí àti ẹ̀pà tó.

Ẹ gbéra kí oòrùn tó là. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbé ẹsẹ̀ kéékèèké, kí o máa ka rósárì jáde lẹ́nu. Tí o ò bá lè parí “Mo kí ọ Màríà” kan láìmí hẹlẹ, o ti ń yára jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, tẹ orúnkún díẹ̀, fi ọ̀pá ṣáájú, kí o sì yẹra fún ibi tí ewédò ti hù lórí àpáta. Bí òjò bá ti pa á, ó ń yọ̀ gan-an.

Tí orí bá ń fọ́ ẹ, tí o ń bì, tí o ń sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n gbé ẹ sábẹ́ igi, kí wọ́n fi omi tutù sí ẹ lára, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ tó máa gbé ẹ lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe ìtìjú. Ìyá tí ò ń lọ kí ò ní bi ẹ́ bóyá ẹsẹ̀ lo fi dé ni tàbí alùpùpù zémíjàn.

Jọ̀ọ́, ka ọ̀rọ̀ yìí sétí àwọn ọmọbìnrin tó kù kí ẹ tó gbéra.