"Emergency calls only": Òpó wà nítòsí, kí ló dé tí kò gba fóònù mi?

Lọ́dún tó kọjá, mo wọ mọ́tò ní Adó-Èkìtì, à ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. A kọjá Ìyìn, a kọjá Ìgèdè, a kọjá Àrámọ̀kọ̀. Ibi tá a ti ń gun òkè ni mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ló bá dákú sójú ọ̀nà. Dírẹ́bà fẹ́ pe mẹkáníìkì rẹ̀, fóònù rẹ̀ ti kú. Ó ní kí n bá òun pè é. Mo yọ tèmi jáde, ohun tí mo rí lójú rẹ̀ ni "Emergency calls only". Màmá kan tó jókòó lẹ́yìn yọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, fóònù ńlá yìí, kí lo wá ń fi ṣe?"

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì kò rí nǹkan sọ.

Ohun tó yé mi lẹ́yìn náà rèé. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi ló jìnnà, tàbí kó jẹ́ òkè ló dí i. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí òpó kankan rárá nítòsí, "No service" ni fóònù máa ń kọ. Tó bá ti kọ "Emergency calls only", ó ń gbọ́ òpó kan ketekete, òpó ẹlòmíràn ni. Ìgbì rédíò dé ọwọ́ mi o. Àdéhùn ni kò sí.

Òpó ń ké orúkọ ara rẹ̀

Tọ̀sán-tòru ni òpó ń ké orúkọ rẹ̀ síta, nọ́ńbà sì ni orúkọ náà. 621 ni nọ́ńbà Nàìjíríà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: 20 ni Airtel, 30 ni MTN, 50 ni Glo, 60 ni 9mobile tó ti ń jẹ́ T2 báyìí. Nọ́ńbà yìí wà nínú SIM yín náà, bí ilà ojú. Fóònù á gbọ́ 62130, á wo SIM, á ní, "Ṣé ilé wa nìyí?" Tí kì í bá ṣe ilé wọn, tó wá kanlẹ̀kùn, wọ́n á dá a padà. SIM á sì kọ nọ́ńbà ilé yẹn pamọ́, kó má baà tún máa kanlẹ̀kùn ibẹ̀.

Àlejò tó mọ àlọ́

Roaming ni kí ilé-iṣẹ́ méjì jọ ṣàdéhùn pé, "Tí ọmọ mi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, gbà á sílé." Ó dáa, báwo ni olùgbàlejò ṣe máa mọ̀ pé ọmọ náà kì í ṣe ayédèrú?

Inú SIM kọ̀ọ̀kan ni àṣírí kan wà, nọ́ńbà gígùn tí SIM àti kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ nìkan mọ̀. Àṣírí yìí kì í jáde. Olùgbàlejò á ránṣẹ́ sílé pé, "Ẹnì kan wà níbí, ó ní ọmọ yín lòun." Ilé á fi àlọ́ kan ránṣẹ́ padà, pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀. Olùgbàlejò á pa àlọ́ náà fún SIM, á di ìdáhùn mú sọ́wọ́. SIM á fi àṣírí rẹ̀ ṣírò, á dáhùn. Tí ìdáhùn méjèèjì bá bára mu, ó wọlé nìyẹn. Àlọ́ tòní kì í ṣe tọ̀la, nítorí náà ẹni tó bá fetí kọ́ tòní kò rí nǹkan kan jí.

Owó ńkọ́? Owó ìpè yín kò bá yín rìnrìn àjò, ilé ló wà. Olùgbàlejò á bi ilé bóyá owó ṣì kù, á kọ ohun tí ẹ lò sílẹ̀. Tó bá yá, ilé-iṣẹ́ méjèèjì á ṣírò gbèsè láàárín ara wọn.

Tó bá rọrùn báyìí, kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é?

Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ẹni tó gbé òpó sórí òkè, tó ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀, fẹ́ kí wọ́n torí òpó yẹn ra SIM òun. Tó bá ṣí i fún gbogbo ayé, kí ló tún fi ju ẹlòmíràn lọ? Ẹni tí kò kọ́ òpó náà sì lè ní, "Kí ni mo tún ń kọ́ tèmi fún?" Ṣùgbọ́n abúlé kékeré tí èrò ibẹ̀ kò tó bọ́ òpó mẹ́rin, ọ̀kan lè tó gbogbo wọn, tí owó tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí bá ti tẹ́ ẹni tó kọ́ ọ lọ́rùn.

Nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára rẹ̀ ní 1996, àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn oní-9mobile máa lo òpó MTN láwọn apá kan, láti oṣù kẹjọ dé oṣù kẹwàá 2020, láti fi dán an wò. Ní 2025, NCC fọwọ́ sí àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta láàárín àwọn méjèèjì kan náà. Àwọn méjì yẹn nìkan ni àdéhùn wọn dè o. SIM tí ilé rẹ̀ kò bá sí nínú àdéhùn, ìta ló ṣì wà.

Ohun méjì tí ẹ lè mú lọ

Èkínní, tí ẹ bá ń roam, fóònù kì í gbàgbé ilé. Ó máa ń wò yíká lóòrèkóòrè bóyá òpó ilé ti wà nítòsí. Iye ìṣẹ́jú tó máa dúró kó tó wò wà nínú SIM, ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n sì ń kà á. Tí ẹ bá padà dé Adó, tó ṣì ń lo òpó olùgbàlejò, ẹ ní sùúrù fún un.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Ìlànà tí wọ́n fi ṣe fóònù gbà á láyè láti lo òpó ẹnikẹ́ni tó bá rí fún ìpè pàjáwìrì. 112 ni nọ́ńbà rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni. Lọ́jọ́ yẹn, ká ní ẹnì kan farapa ni, fóònù ńlá mi ì bá wúlò. Mẹkáníìkì ni kò lè pè.

Fóònù màmá yẹn la fi pe mẹkáníìkì. Mo fi owó ìpè ránṣẹ́ sí wọn nígbà tá a dé Ẹ̀fọ̀n. Láti ìgbà náà, SIM méjì ló ń wà nínú fóònù mi, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni.